Ìwọ̀n Ọkọ Màmá Jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá rò pé dókítà ló mọ ara ènìyàn jù, kó lọ tún un rò. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ là ń tọ dókítà lọ. Aránṣọ ni kẹ́ ẹ bi. Aránṣọ ló mọ ọkùnrin tí ipò tuntun ń fẹ̀ níkùn, obìnrin tí ìrònú ń jẹ léjìká, àti ẹni tó ti ní ọmọ nínú tí ọkọ rẹ̀ kò tíì fura. Téèpù kì í purọ́, kì í sì í wojú àgbà.

Aránṣọ tí ìtàn yìí dá lé ti wọn ara ènìyàn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fara ti ilé àwọn alágbàfọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan tó ti sán nígun, àti kọ́tìnnì kan tí àwọn oníbàárà ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti bọ́ṣọ. Òfin kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ní: ohun tí téèpù bá sọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà ni yóò máa gbé. Ìyàwó kan wá bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó sọ bí ìbàdí orogún òun ṣe tó fún òun. Aránṣọ ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un ni?" Ìyàwó náà bínú jáde, kò padà wá mọ́, kò sì dun aránṣọ rárá.

Nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àdàpè ló ń kọ: Ọ̀pá-Iná, Alápá-Kúkúrú, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá lóyún, á ya òdo kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, kó lè rántí láti fi àyè sílẹ̀ lójú ìrán, tí wọ́n á fi lè tú u bí ikùn bá ń yọ. Ẹni tí àìsàn ń mú rù, á fa ìlà sí tirẹ̀, kó má baà gé aṣọ rẹ̀ há jù, kí ara tó padà bọ̀ sípò. Bí gbogbo ojúlówó aránṣọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Aṣọ òní ni wọ́n ń rán, ara ọ̀la ni wọ́n ń rò.

Áàpù wá dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ìwé lè jóná, eku lè jẹ ẹ́, omi lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi sínú áàpù, kò lè sọnù láéláé. Òótọ́ pọ́nńbélé ni wọ́n sọ. Kò sọnù, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Orúkọ oníbàárà ní kíkún àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni áàpù náà ń béèrè, kó lè máa ránṣẹ́ sí wọn pé aṣọ ti ṣetán. Lábẹ́ ìwọ̀n, ó tún ní ibì kan tí wọ́n kọ sí pé, "Kí nìdí tí ẹ fi fi àyè sílẹ̀?" Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti tẹ̀: Sísanra, Oyún, Àìsàn. Inú aránṣọ dùn sí i. Ó ní ẹni tó ṣe áàpù yìí, ó ní láti jẹ́ ọmọ aránṣọ. Ó tẹ "Mo Gbà" nísàlẹ̀ ìwé àdéhùn kan tó gùn ju ọjọ́ ebi lọ, ó sì kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá wọn fi sílẹ̀ lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan nígbà náà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò fi wò ó kí wọ́n tó gbà á pátápátá. Ó wá rán síkẹ́ẹ̀tì méjì tí yóò máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Aránṣọ fi téèpù yí i nídìí, ó fi yí i láyà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn nínú dígí. Oyún méjì ni àbúrò yìí ti pàdánù sẹ́yìn, ó sì ti búra pé ẹ̀kẹta yìí, òun kò ní í sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, àfi kó sọ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bi í léèrè, òun náà kò sọ. Ẹ̀gbọ́n kàn fi ọwọ́ pa á lórí, ó mú fóònù, ó kọ ìwọ̀n sínú áàpù, ó sì tẹ Oyún, kó lè rántí láti fi ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ lójú ìrán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n pe àbúrò náà sí ọ́fíìsì ọ̀gá wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn kò ní lè gbà á. Fáìlì rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ọ̀gá náà dìde láti ti fèrèsé, àbúrò sì ka ohun tó wà níbẹ̀: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, "Oyún: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Orísun: ìwọ̀n aṣọ." Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kò yàtọ̀ sí ọjọ́ tó lọ wọn síkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oyún náà wálẹ̀. Dókítà ní bóyá ì bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, pé ara rẹ̀ ni kò gbà á. Aránṣọ gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kò sì gbà á gbọ́ títí di òní.

Ohun tó dun ẹ̀gbọ́n jù ni pé àbúrò kò dá a lẹ́bi. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti wú, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Mi ò lè máa jókòó sílé."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," ẹ̀gbọ́n wí. "Ọwọ́ mi yìí ni."

"Ẹ ò mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ni? Àwọn tó mọ̀ ni kí Ọlọ́run bi léèrè. Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́."

Ẹni kan wà tó dúró tì wọ́n ní àkókò yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Oníbàárà ni, obìnrin kan tí aránṣọ ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́, nítorí ohùn rẹ̀. Ẹ ó máa tẹ etí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Tí wọ́n bá pẹ́ jù láti rán aṣọ rẹ̀, òun ni yóò tún máa bẹ aránṣọ pé kó má bínú. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá nínú fúláàsì. Kò ṣe ìwàásù kankan. Ó kàn ń jókòó ti àbúrò náà, tó ń dì í lọ́wọ́ mú, títí ọbẹ̀ yóò fi tán.

Aránṣọ kò ní ohùn jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gba ilé-iṣẹ́ áàpù lọ. Ilé gogoro kan ni, gíláàsì ló fi bora látòkè délẹ̀. Ẹni tó wà níta kò lè rí inú, àwọn tó wà nínú ló ń rí ìta. Ó ní, "Wọ́n mọ irú ilé tó yẹ wọ́n." Ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ dá a lóhùn nídìí káńtà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ ti tẹ 'Mo Gbà'."

"Kí ni mo gbà?"

"Gbogbo ẹ̀, Mà. Ó wà lójú ìwé kọkànlélógójì."

"Ta ló ń ka ojú ìwé kọkànlélógójì?"

"Kò sẹ́ni tó ń kà á, Mà," ọmọbìnrin náà dáhùn, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ bá mi pa ti àbúrò mi rẹ́."

"Kò ṣeé pa rẹ́, Mà. Ẹni tó bá ti rà á ti rà á."

Lókè orí ọmọ yìí, àwòrán ọkùnrin kan gba ògiri tán. Ọkùnrin sísanra kan, tó jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wo ènìyàn bí ẹni tó ti yó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "A mọ̀ yín ju bí ẹ ṣe mọ ara yín lọ." Ọ̀gá wọn ni, òun ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Aránṣọ wò ó títí, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ kì í fi oníṣẹ́ sílẹ̀: àyà, ínǹṣì mẹ́rìnlélógójì, ọrùn, méjìdínlógún, apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì kan. Ó sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀: Olófòófó Àgbà. Ó bọ́ síta, ó tutọ́ sílẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ lórí ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn kò ju itọ́ yẹn lọ.

Láti ọjọ́ náà, ó padà sídìí ìwé àti àdàpè. Ṣùgbọ́n kò yọ áàpù kúrò lórí fóònù. Ó fẹ́ yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fi í síbẹ̀ bí ọ̀bẹ tí wọn kì í fi ṣe ọbẹ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún kí Màmá Jẹ́jẹ́ tó mú ọkọ rẹ̀ wá. Aránṣọ kò rí ọkọ yìí rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, àfi pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kó gbélé. Màmá ní ọkọ òun fẹ́ rán kóòtù mẹ́ta fún òde pàtàkì kan, pé aránṣọ òun ni kó bá òun rán an. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀. Àbúrò kí i láti ìdí ẹ̀rọ, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó dáhùn dáadáa, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí bọ́tìnnì. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, aṣọ ọrùn rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n yá a. Aránṣọ kò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Wọ́n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó na téèpù sí apá ọ̀tún, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó na án sí apá òsì. Ó tún un nà lẹ́ẹ̀kejì: apá òsì fi nǹkan bí ínǹṣì kan gùn ju apá ọ̀tún lọ.

Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa. Olófòófó Àgbà ni.

"Madam," ọkùnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi páàdì sí èjìká. Ẹ fi sáyà náà. Mo fẹ́ kí n rí bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ara ò yá ni, sà?"

Ó wo kọ́tìnnì, bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀ o, ó rò pé iṣẹ́ àṣejù ló ń mú mi rù. Ìjọba fẹ́ gba áàpù kan lọ́wọ́ wa, èmi ni mo ni ín. Wọ́n fẹ́ so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo aráàlú, kí ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnubodè kọjá, kí wọ́n ti mọ gbogbo nǹkan nípa ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fẹ́ kí n fi darí ẹ̀. Wọn ò ní bá aláìsàn tọwọ́ bọ̀wé. Tá a bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, màá sọ fún ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ara mi, tèmi ni. Kò kan ẹnikẹ́ni."

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," aránṣọ wí. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. "Ara ẹni, tẹni ni."

"Ohun kan ló kù. Ẹ má fi ìwọ̀n mi sínú áàpù o. Inú ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí."

"Kí ló dé, sà? Ṣé áàpù náà ò dáa ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó ti wọlé. "Madam, ẹni tó se ọbẹ̀ ló mọ ohun tó fi sí i."

Bí kò bá sọ gbólóhùn yẹn, bóyá aránṣọ ì bá jẹ́ kó lọ. Mo ní bóyá. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀, obìnrin tó gbé ọbẹ̀ wá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, aránṣọ sì rò ó. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó ń lọ tó ń dúró, tó ń lọ tó ń dúró, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì borí. Ó ní kò burú, sà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ tán, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó gbé fóònù jáde. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún bó ṣe wà lára káàdì tó fún un. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀. Àyà, ínǹṣì ogójì. "Kí nìdí tí ẹ fi fi àyè sílẹ̀?" Ó tẹ Àìsàn. Áàpù náà ronú díẹ̀, ó wá béèrè: ṣé ọkọ oníbàárà yín, lágbájá, ni? Orúkọ Màmá Jẹ́jẹ́ ló gbé wá, láti inú àwọn tó ti kó sínú rẹ̀ látijọ́. Inú ń bí aránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ń yá, ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pa fóònù dé.

Ìgbà mẹ́ta ni aránṣọ wọn ọkùnrin náà kí aṣọ tó parí. Ìgbà kejì, àyà di méjìdínlógójì. Ìgbà kẹta, mẹ́tàdínlógójì. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú áàpù, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Aránṣọ fi páàdì sí i bó ṣe bẹ̀ ẹ́, kò fi ṣe ẹ̀tàn. Ó rán kóòtù náà dáadáa débi pé ọkùnrin náà wo dígí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìjà.

Ní àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó bi àbúrò rẹ̀ léèrè bíi pé ó ń ṣeré, "Bí o bá rí ẹni tó ni áàpù yẹn lónìí, kí lo máa ṣe fún un?"

Àbúrò já òwú pẹ̀lú eyín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fìjà f'Ọ́lọ́run jà, kẹ́ ẹ fọwọ́ lérán."

"Mo ti gbọ́. Bí Ọlọ́run bá wá fẹ́ ẹni tó máa bá a gbé àpò ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò gbé àpò fẹ́nì kan rí," àbúrò wí, ó rẹ́rìn-ín, ó mú aṣọ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ fún un nígbà náà. Ó ti la ẹnu. Ó wá rò pé ó dára kí òun kúkú jẹ́ kó parí, kí òun fi í ṣe ẹ̀bùn fún un.

Ó parí lóòótọ́. Rédíò àwọn alágbàfọ̀ ló sọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú: ìjọba ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ áàpù ìwọ̀n, nítorí àwọn kan ta ìwé fún wọn tó fi hàn pé ẹni tó fẹ́ darí rẹ̀ kò ní ìlera. Àwọn tó fẹ́ dá okòwò pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ náà ti sá. Bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí ẹni tó gbẹ́ ẹ náà ń rìn lójú ọ̀nà. Ó dùn mọ́ aránṣọ nínú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn, wọn kò tíì rí i gbà ni. Ó rán odindi kaba kan parí lọ́jọ́ yẹn, ó ń kọrin ìgbà èwe lábẹ́ imú, àbúrò rẹ̀ ń wò ó, ó ń bi í bóyá ó ti rí ọkọ ni.

Fóònù dún ní ọjọ́ kejì. Ohùn ọkùnrin náà kò lágbára mọ́.

"Ìwọ lo ṣe é. Mo wo ibi tó ti wá, ṣọ́ọ̀bù ẹ ni."

"Áàpù yín ló ṣe é, sà. Èmi ò mọ ẹni tẹ́ ẹ tà á fún."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fọkàn tán ẹ."

"Àbúrò mi náà fọkàn tán mi. Obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì, tẹ́ ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn tẹ́ ẹ ta ti ẹ̀ fún ló lé e lẹ́nu iṣẹ́. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni."

Ọkùnrin náà ní, "Mo lè gbé ẹ lọ sílé ẹjọ́."

"Ẹ gbé mi lọ. Kí adájọ́ bi yín bí ìwọ̀n àyà yín ṣe dé ọwọ́ ìjọba. Màá wọ aṣọ tó dáa wá."

Ọkùnrin náà pa fóònù. Aránṣọ jókòó, inú rẹ̀ dùn. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ọ̀nà wo ni yóò gbà sọ ọ́ tí kò fi ní í sọ ohun tí áàpù rẹ̀ ń ṣe? Eérú tó dà ti tọ̀ ọ́ lọ, ojú rẹ̀ náà ló kún.

Ọjọ́ kẹrin, ní òwúrọ̀, Màmá Jẹ́jẹ́ wọlé. Kò mú aṣọ lọ́wọ́. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà, àbúrò sì sáré gbé àga fún un.

"Ọkọ mi ń ṣàìsàn," ó ní. "Ó ti pẹ́. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe mọ̀? Fóònù mi ló sọ fún mi. Mo jí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fi àwòrán pósí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní, 'Ṣé ọkọ yín ń rù? Ẹ tètè múra sílẹ̀.' Mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Àwọn mìíràn tún dé lọ́sàn-án, wọ́n ń ta adójútòfò àwọn opó."

Àbúrò bo ẹnu. Aránṣọ kò kúrò nídìí tábìlì ìgéṣọ.

"Màá lè fara da ìyẹn," Màmá Jẹ́jẹ́ wí. "Ìyá ọkọ mi ni. Ẹni ọgọ́rin ọdún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè wọ́n lórí fóònù, ó fi ọ̀yàyà kí wọn, ó dárúkọ ọmọ wọn. Ó ní ṣé wọn kò ní fẹ́ ra ilẹ̀ sàréè fún un nísinsìnyí tí ó ṣì wà lọ́pọ̀. Fóònù wà létí wọn tí wọ́n fi ṣubú. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Wọ́n ń wò mí, wọn ò lè bi mí bóyá òótọ́ ni."

Aránṣọ kò fi nọ́ńbà ìyá arúgbó kankan sínú áàpù. Ohun tó kọ́kọ́ rò nìyẹn, ojú sì tì í pé ìyẹn ló kọ́kọ́ rò. Ó kàn tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Áàpù ló rin ìyókù, láti ọ̀dọ̀ ọkọ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ.

"Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n," Màmá Jẹ́jẹ́ yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin náà rí i pé ó ń rù, àbí?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ."

Màmá Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó nawọ́, ó di ọwọ́ aránṣọ mú lórí tábìlì. "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin pa á mọ́. Bí gbogbo ènìyàn ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo bi í pé ta ló tú u síta, ó ní òun ò mọ̀, pé bóyá ẹnì kan ní ọsibítù. Ó yíjú sógiri."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde. Ó kúnlẹ̀ sórí àwọn ègékù aṣọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ mọ́ rárá. Àwọn alágbàfọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹni tó tú àṣírí ara ọkọ mi, tó fi pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́, kò ní rí ibi bo tirẹ̀. Ìhòòhò rẹ̀ á di àpéwò. Ẹni tó fẹ́ràn jù láyé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe, ẹni náà ni yóò sì kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i. Bó bá ké, a ò ní dá a lóhùn. Ẹ bá mi ṣàmín, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi."

"Àmín!" àbúrò pariwo. Ó ti kúnlẹ̀ ti Màmá Jẹ́jẹ́, ó gbá a mọ́ra, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àmín ẹ̀ẹ̀méje! Irú wọn náà ló ṣe mí. Kó rí bẹ́ẹ̀ fún un, kó má gbádùn ọmọ, kó má gbádùn àbúrò!"

Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ lórí eékún, wọ́n ń retí. Àbúrò gbójú sókè, ó nu imú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ ò ṣàmín."

Aránṣọ wo àbúrò rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún un. Ó la ẹnu, ó sì ṣe é, ketekete, kí wọ́n lè gbọ́.

"Àmín."